Ṣé Ìyá Ti Mumi?

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ìwọ tí o mú bíìkì ìkọ̀wé lọ́wọ́, tí mo bá ń sáré jù, sọ fún mi kí n dúró, ṣùgbọ́n má ṣe tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́. Èmi kò lọ sí lekọ́ọ̀lù. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà lọ.

Lánàá, ẹ kóra jọ sórí telefóònù, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Yèyé àgbà, ẹ wá wo òyìnbó." Mo wá, mo wò ó. Òyìnbó kan na apá síwájú, ó di ìdí èèkù òòlù ńlá mú, ó ń tẹ orí irin náà bọ̀ níhà imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún ń gbé e padà sókè, gbogbo iṣan apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ ní eré ìdárayá tuntun ni, pé ohun tí wọ́n fi ń mú ọrùn ọwọ́ le nìyẹn. Mo dìde, mo wọlé, mo ti ìlẹ̀kùn. Ẹ rò pé inú ló bí mi. Inú kò bí mi. Ohun tí ẹ pè ní tuntun yẹn, ní agbo ilé yìí ni mo ti rí i kẹ́yìn, nígbà tí ọmú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mi ò sùn mọ́jú.

Ṣé ẹ rí ibi tí ẹ máa ń gbé kẹ̀kẹ́ sẹmijáàn, alùpùpù akérò yín, sí lábẹ́ igi máńgòrò? Ilé àgbẹ̀dẹ bàbá mi ló wà níbẹ̀. Koríko ni òrùlé rẹ̀, kò ní ògiri, àfi òpó mẹ́rin tí èéfín ti sọ di dúdú. Àárín rẹ̀ ni òkúta tí wọ́n ń lu irin lé wà. Òkúta yẹn ṣì wà, òun ni ẹ̀yin ń jókòó lé tí ẹ bá ń jẹ máńgòrò. Mo máa ń wò yín, mi ò sì lè ní kí ẹ dìde.

Òwúrọ̀ ayé ìgbà náà ní ohùn tirẹ̀. Ní òní, ariwo kẹ̀kẹ́ ló ń jí wa. Nígbà náà, odó ló ń kọ́kọ́ dún, nítorí àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ kì í fi iyán ṣeré. Lẹ́yìn odó, ẹ máa gbọ́ ẹwìrì tó ń mí hùù, hùù, lójú iná. Lẹ́yìn náà ni òòlù méjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kékeré wà lọ́wọ́ bàbá mi. Ńlá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a lu irin. Bàbá á fi kékeré fi ibi tí ó fẹ́ hàn: kín. Ńlá á dá a lóhùn níbẹ̀ gan-an: gbì. Kín, gbì. Kín, gbì. Ọkọ́ tí àwọn ará Sakin fi ń kọ ebè iṣu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó fọn fèrè, Bàbá á dá òòlù dúró títí tó fi máa kọjá, á ní òun kò lè bá ẹni tó ga ju òun lọ jiyàn.

Òòlù ńlá yẹn, Ìyá ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ tóbi tó ìkòkò ọbẹ̀ kékeré, èèkù rẹ̀ gùn láti ilẹ̀ dé ìdí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá bàbá mi ló rọ ọ́. A kì í fò ó kọjá, a kì í bú u. Tí Yèyé mi bá fẹ́ gbá ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ, á kọ́kọ́ ní, "Ìyá, mo fẹ́ kọjá lẹ́bàá yín."

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀dẹ nígbà náà. Wọn kì í ní kó máa fi gbogbo ara ju òòlù. Bàbá máa ń sọ pé èjìká lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ríran, pé ọrùn ọwọ́ ló ń mú irin dé ibi tó yẹ. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá rọ̀, ọjọ́ kan ló máa fọ́ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó di ẹ̀mú mú. Nítorí náà, kí ọmọ tó lu irin rárá, á ti fi bí ọdún méjì mú apá rẹ̀ le. Á máa fún àpò tó rẹ sínú omi títí omi kò fi ní kán mọ́. Á máa fi ìka nìkan gbé ìkòkò ní ọrùn. Á máa fi ọwọ́ kan gún iyán fún Yèyé, ọ̀tún lónìí, òsì lọ́la. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá fi Ìyá kí imú.

Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, fífi Ìyá kí imú. Wọ́n ti fi irin gbígbóná jó ilà méje sára èèkù náà. Ilà kìíní sún mọ́ orí irin, ìkeje wà ní ìdí èèkù pátápátá. Ọmọ á di ilà kìíní mú, á na apá síwájú, orí Ìyá á wà lókè. Á wá fi ọrùn ọwọ́ nìkan tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ìgúnpá kò gbọdọ̀ ká, títí irin tútù á fi kan imú rẹ̀. Tó bá kàn án, kò gbọdọ̀ yára gbé e kúrò. Á kọ́kọ́ kí Bàbá: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́." Bàbá á dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Ìgbà náà ni ọmọ á tó gbé e padà sókè. Tí ilà kìíní bá ti rọrùn fún un, á sọ̀kalẹ̀ sí èkejì. Tí ọwọ́ bá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí orí irin sí i, ẹ máa rò pé wọ́n gbé odindi àgbò lé e ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà dé ilà kẹta. Bàbá wò mí, ó ní, "Odó ló ṣe èyí. Tí n bá mọ̀, ǹ bá ti rán gbogbo ọkùnrin ilé yìí lọ gún iyán."

Ọkùnrin kan wà láti Òkpárá, ó wá gba ọkọ́ rẹ̀. Ó rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi Ìyá kí imú, ó ní, "Ṣé èyí náà ni ẹ ń pè ní iṣẹ́? Ẹ gbé e wá."

Bàbá ní, "Ilà kìíní ni kí o dì mú, àlejò mi."

Ó ní, "Ọmọdé ló ń di ilà kìíní mú."

Ilà kẹrin ló dì mú. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀, ọwọ́ já. Ìyá bá a lẹ́nu. Eyín iwájú kan bọ́ sílẹ̀ nínú eérú, ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ń wá a kiri. Yèyé mi mú omi jáde wá fún un, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iyán wà nílé, kò fẹ́ eyín." A rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó tún bú Ìyá ní Òkpárá lẹ́yìn ìyẹn.

Ògúndélé ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí Yèyé mi bí tó yè. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní àpá iná kan lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà. Ẹni tó bá lè fi Ìyá kí imú ní ilà keje lójú àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ, òun ni wọ́n máa fi Ìyá lé lọ́wọ́, òun ló sì máa jogún iná ilé wa. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi fi wá ilà keje.

Èmi ńkọ́? Iṣẹ́ tèmi ni omi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń fa gbogbo omi inú igi mu. Igi èèkù á sún kì, orí irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí rẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, wọ́n máa ń da orí Ìyá kodò sínú ìkòkò omi kan, kó wà níbẹ̀ di òwúrọ̀. Igi á mu omi, á wú, á di irin mú ṣinṣin. Èmi ni mo ń pọn omi náà. Èmi ni mo ń gbé Ìyá sínú rẹ̀. Bàbá kò pe orúkọ mi mọ́, Olómi ló ń pè mí. Tí oòrùn bá wọ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Olómi, ṣé Ìyá ti mumi?"

Èmi á ní, "Ó ti mu, Bàbá."

Á ní, "Ó káre." Ìgbà náà ló tó máa bu òkèlè.

Ó wá di ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí. Òyìnbó ti fún wa ní òmìnira, èyí tí ẹ ń pè ní endepandansi, orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomẹ. Ọyẹ́ ọdún náà le. Àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ pa mọ́ sínú eruku, a kò rí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Kànga gbẹ, àwọn obìnrin ń jà nítorí igbá omi kan. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn àgbà dá ọjọ́ ilà keje fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tún wá kéde pé lọ́jọ́ náà gan-an, lọ́sàn-án, àwọn aláṣẹ tuntun ń ti Kútọnu bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin, pé kí gbogbo ọmọge wọ aṣọ funfun wá kí wọn.

Mo ní aṣọ funfun kan ṣoṣo. Èédú àgbẹ̀dẹ ti bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti wà lẹ́nu kànga láti àárọ̀, kí n tó rí ìkòkò omi kan pọn. Omi Ìyá ni. Mo gbé e dé ẹ̀yìn ilé, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo wo omi, mo wo aṣọ mi lórí okùn. Mo ní, ṣebí oòrùn ṣì wà lókè, mo ṣì lè padà lọ pọn òmíràn. Mo da omi sínú ọpọ́n, mo fọ aṣọ. Ó mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó mọ́. Mo sá a, mo padà sí kànga. Ẹrẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì jókòó lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń dúró kí omi sun, ọ̀kan ní, "Padà sílé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọ̀la ni."

Mo padà. Mo bu omi mímu lọ́wọ́, mo wọ́n ọn sórí irin. Mo da orí Ìyá kodò sínú ìkòkò gbígbẹ, kí ẹni tó bá yọjú lè rí i ní ipò rẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé alẹ́ kan péré ni.

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe rí i rí. Ó ní, "Olómi, ṣé Ìyá ti mumi?"

Mo ní, "Ó ti mu, Bàbá."

Ó ní, "Ó káre."

Ní òwúrọ̀, àwọn àgbà mẹ́ta dé. Ọ̀kan wá láti Sakin, òun ló dàgbà jù, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi eérú pa ọwọ́. Ó gbé Ìyá. Èmi dúró lẹ́yìn òpó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kígbe, mo di òpó mú. Ó ṣe ilà kìíní. Ó ṣe èkejì. Bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe é, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó di ìkeje. Ó di ìdí èèkù mú, ó na apá, ó ń tẹ Ìyá bọ̀. Irin kan imú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú òwúrọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Bàbá dá a lóhùn, omi ti lé sójú rẹ̀. Àgbà Sakin rẹ́rìn-ín, ó ti nawọ́ fẹ́ kí Bàbá kú oríire.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gbé Ìyá padà sókè. Ó gbé e títí ó fi dúró ṣánṣán lókè ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́. Orí irin náà yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lára èèkù bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Orí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló bọ́ sí.

Mo gbọ́ bí eegun ṣe fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò ké. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Yèyé mi sáré wọlé, ó ń wá aṣọ tí yóò fi dì í. Aṣọ tó mọ́ kan ṣoṣo ló wà nílé. Ó fà á ya lójú mi, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, ó fi dì í. Ọkọ̀ ojú irin dé lọ́sàn-án, mo gbọ́ fèrè rẹ̀, mo gbọ́ orin àwọn ọmọge láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò lọ.

Àgbà Sakin dìde lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó ní, "Ìyá ti kọ̀ ọ́." Àwọn méjì yòókù mi orí. Bàbá kó eérú bo iná.

Ẹni tí ń to eegun ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ọwọ́ náà jinná ní wíwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọwọ́ kan gbé Ìyá kò lè gbé igbá ẹ̀kọ mọ́. Tó bá kọjá nígboro, wọ́n á ní ẹni tí irin kọ̀ ló ń lọ. Ẹ̀yin kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó nígbà náà. Ẹni tí irin bá kọ̀ kì í tẹ ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ mọ́, kì í jẹ nínú ẹran ọdún Ògún, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí òjò kìíní rọ̀, mo gbé omi wọ àgbẹ̀dẹ, mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, òun nìkan, níbi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́. Ó gbé orí Ìyá sórí itan, ó ti ìka bọ ojú ihò tí èèkù máa ń wọ̀, ó ń yí i kiri.

Ó ní, "Olómi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Aṣọ tí Yèyé fi dì mí lọ́wọ́ yẹn mọ́ púpọ̀."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìkòkò orí mi mú.

Ó ní, "Ní ọ̀sẹ̀ tí kò sómi nílùú. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wò ó. Mo ní, níbo ni wọ́n ti rí omi fọ èyí?"

Ìkòkò bọ́ lórí mi, ó fọ́. Mo dojúbolẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní mo máa lọ sọ fún Bàbá lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé mi dìde.

Ó ní, "O ò ní sọ nǹkan kan. Ṣé ọwọ́ mi á tún tò tí o bá sọ ọ́? Bàbá á lé ọ jáde. Èmi náà ń lọ. Ọmọ mélòó ló máa kù fún un?"

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí."

Kò sọ bóyá ó dárí jì mí. Ó gbé orí Ìyá lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Máa fún un lómi." Ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ ojú irin, ó lọ sí Kútọnu.

Bàbá kò rí ẹni mìíràn fi Ìyá lé lọ́wọ́. Ọkọ́ tí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà, tín-ín-rín bí ewé, ó ń ká lórí ebè, ṣùgbọ́n kò wọ́n. Ọdún kan iná jó díẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e kò jó rárá. Síbẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Olómi, ṣé Ìyá ti mumi?" Mo ti fi orí Ìyá bọ èèkù padà, mò ń fún un lómi, kò sí alẹ́ kan tí mo fò. Mo ń ní, "Ó ti mu, Bàbá." Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo fi sọ òótọ́ yẹn, ọ̀kan tí kì í ṣe òótọ́ ni mo ń gbọ́. Títí Bàbá fi kú, kò tún rí ọmọkùnrin rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣọ́ ilé fún oníṣòwò kan ní Kútọnu. Ibẹ̀ ló ti bímọ, ibẹ̀ ló kú sí. Mo lọ síbi ìsìnkú. Ará ilé wa kan, ẹni tí a kò tíì bí lọ́jọ́ náà, ló ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ìdí tí wọn kò fi lè gbé bàbá wọn wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ. Ó ní, "Irin ló kọ bàbá yín." Èyí àkọ́bí nínú wọn, ó ní àpá kan lẹ́rẹ̀kẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀, mi ò mọ ohun tó jó o, ó tẹrí ba, ó ní, "Bàbá sọ bẹ́ẹ̀ fún wa." Ẹ̀gbọ́n mi sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Títí dójú ikú, ó fi ara rẹ̀ bò mí. Mo jókòó níbẹ̀, mo ní ẹnu, mo ń jẹ ìrẹsì.

Ẹ wọ yàrá mi, ẹ wo ẹ̀yìn ibùsùn. Ìkòkò tí ẹ máa ń bèèrè pé kí ni mò ń fi pamọ́ síbẹ̀, Ìyá ló wà nínú rẹ̀. Igi rẹ̀ ṣì dì í mú ṣinṣin. Agbára mi kò gbé e mọ́, mò ń fi igbá bu omi lé e ni.

Ìwọ tí o ń kọ̀wé, nígbà tí a bá parí, wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Pe àwọn ọmọ Ògúndélé jọ, gbogbo wọn, kà á fún wọn. Sọ pé Ìyá kò kọ bàbá wọn. Ó kí imú ní ilà keje, ó kí Bàbá, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Òùngbẹ ló ń gbẹ Ìyá. Kí wọ́n wá gbé egungun bàbá wọn padà wálé. Tí wọn kò bá fẹ́ rí ojú mi, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, màá wọlé, màá ti ìlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí Bàbá máa ń jókòó sí. Pè mí ní Olómi. Bèèrè ohun tí ó máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi.

Rárá, Bàbá. Kò mu.